Àwọn Ẹyẹ Tó Dorí Kodò

Jonathan, ọkọ ọmọ mi, gbé ìborùn kan wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nínú àpò ìrọ̀rí funfun kan. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Bàbá, màmá mi ló fi èyí rán mi. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn fúnra wọn ló máa fi pọn Òkìkíolúwa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mobọ́lá, ọmọ mi, wà lórí àga gbọọrọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó gbójú sókè. "Wọ́n ń bọ̀? Síbí? Sínú ilé yìí?"

"Sínú ilé yìí," ni Jonathan wí, ẹnu rẹ̀ kò sì fẹ́ pa dé fún ẹ̀rín.

Mo rí bí ojú ọmọ mi ṣe tàn. Ìyá Jonathan wá láti abúlé kan lórí àwọn òkè Andes ní ilẹ̀ Pẹ́rù. Lancaster ló ń gbé báyìí, ó ń di ẹrù ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí DeSoto, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, tí àwa ń gbé. Kí ìrẹsì tó jinná, èèyàn ti dé ọ̀hún. Síbẹ̀ kò wọ ilé wa rí. Kátólíìkì ni, ó sì dùn ún pé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wá síbi ìgbéyàwó náà, ó jókòó sẹ́yìn, ó gbàdúrà tirẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì padà sílé. Ìdákẹ́ yẹn ló ń dun Mobọ́lá. Ọmọ́ládé ìyá rẹ̀, aya mi, ti lọ sinmi kí Jonathan tó yọjú sí wa rárá. Ọmọ mi kò sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n bàbá ní ojú. Mo mọ̀ pé ó ti retí pé bí òun bá ti lọ́kọ, òun yóò tún rí ẹnì kan pè ní Màmá. Ó rí ọkọ rere. Ìyá ni kò tíì rí.

Nítorí náà, kò dúró kí ọmọ mu ọmú tán kó tó na ọwọ́ sí àpò náà.

"Ẹ jẹ́ n rí i! Ẹ má tú u láìsí mi níbẹ̀ o!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Adétóun, ló ké bẹ́ẹ̀ láti ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láti Ìṣẹ́yìn láti bá wa wẹ ọmọ, nítorí ẹni tí ì bá wẹ̀ ẹ́ kò sí mọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń bá Dallas jà. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ń mí sí òun lọ́rùn bí ọ̀tá. Ó ní ata ibí kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní àwọn aládùúgbò ń fi eyín funfun hàn òun lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó béèrè àlàáfíà ilé nínú wọn. Ṣùgbọ́n bó bá wẹ ọmọ tán, tó ra á, tó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ọmọ á sùn bí ẹni tó jẹ oyè.

Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ni rírán òfì pọ̀. Àwọn ọkùnrin a hun fọ́nrán tóóró tóóró, wọn a kó o wá fún un, òun a sì rán an di odindi aṣọ. Bó bá rán an tán, àrà ara ọ̀kan á bá ti èkejì mu, ojú kò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Bí ó bá rí òfì tí ẹlòmíràn rán tí àrà rẹ̀ fì síbì kan, a máa bá ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́dùn bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Jonathan tú ìborùn náà. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ó pupa bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná, ó ní ìlà dúdú, ìlà àwọ̀ ewé àti ìlà ìyeyè, nínú àwọn ìlà náà sì ni àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ tò tẹ̀lé ara wọn. Abala méjì ni. Òwú aláràbarà ni wọ́n fi rán wọn pọ̀ láàárín, ojú ìrán náà nípọn, ó ń pa àwọ̀ dà bó ṣe ń lọ, bí ẹ̀yìn alángbá nínú oòrùn.

"Ìyá màmá mi ló hun ún," ni Jonathan wí. "Ilẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí. Wọ́n á so orí òfì kan mọ́ igi, wọ́n á so orí kejì mọ́ ìbàdí ara wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ kí òwú le, wọ́n á kàn fẹ̀yìn sẹ́yìn. Òun ni wọ́n fi pọn màmá mi. Òun ni màmá mi fi pọn mí."

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ra etí aṣọ náà. "Yéè! Ọwọ́ ń bẹ láyé! Énọ́kù, wo etí ẹ̀. Àlùmọ́gàjí ò kàn án níbì kankan. Bó ṣe kúrò lórí òfì ló ṣe wà." Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì pátápátá, ó sún sẹ́yìn láti wò ó dáadáa. Ló bá fajú ro. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Àwọn wo, Màmá?" ni Mobọ́lá bi í.

"Àwọn ẹyẹ òkè yìí. Ti ìsàlẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, ti òkè dorí kodò bí àdán."

Jonathan gbé èjìká sókè. "Bó ṣe wà nìyẹn, Màmá."

"Ó mà ṣe o. Aṣọ tó dára tó báyìí." Ó pòṣé, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n pe Jonathan síbi iṣẹ́ nítorí kọ̀ǹpútà wọn kan tó dákẹ́. Èmi àti Mobọ́lá gbé ọmọ lọ sí Cedar Hill láti ra aṣọ funfun tí a ó fi gbé e lọ síwájú Olúwa. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lọ, ó ní òun ní iṣẹ́. A kò bi í pé iṣẹ́ wo.

Nígbà tí a fi máa dé, orin ló ń kọ. Mobọ́lá wọ yàrá lọ láti pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá aṣọ.

"Énọ́kù, wá wo nǹkan."

Ó ti fi ìborùn náà kọ́ ẹ̀yìn àga kan nínú pálọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ po láàárín kó lè jókòó dáadáa. Ó dúró tì í bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

"Mo ti bá àna wa tún un ṣe."

"Ẹ tún kí ni ṣe?"

"Ẹni tó rán an ló ṣì í rán. Ó ti yí abala kan sódì. Mo tú u, mo yí i, mo rán an padà. Wò ó! Gbogbo ẹyẹ ti dìde. Ṣé kí àwọn ìyá ìjọ yín wá máa sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ Mobọ́lá lẹ́yìn ni, kí wọ́n ní ó gbé aṣọ òdì wá síbi ìyàsímímọ́ ọmọ? Kò ní ṣojú mi. Èèyàn wa ni."

Ìfẹ́ ló wà nínú ohùn rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Láti ibi tí mo dúró sí, àwọn ẹyẹ náà dúró ṣánṣán lóòótọ́, ojú ìrán tuntun náà sì tẹ́jú bí omi. Mo ti fẹ́ yìn ín. Mo kàn ní kí n rìn yí àga náà ká kí n lè rí ìyókù.

Lẹ́yìn àga, gbogbo ẹyẹ ló dorí kodò.

Mo dúró síbẹ̀. Mo padà síwájú. Mo tún lọ sẹ́yìn.

"Kí lò ń yí àga ká fún?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ṣé o sọ nǹkan nù ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá síbí."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kàn wá."

Ó wá. Ó wò ó. Ó lọ síwájú, ó ní, "Wọ́n dúró." Ó padà sẹ́yìn, ó ní, "Wọ́n dorí kodò." Ó wo ojú mi. "Ta ló yí wọn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Mo ní gbogbo wọn dìde!"

"Tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì ni gbogbo wọn dìde. Ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Èjìká ni wọ́n ń fi í kọ́. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, orí gbogbo ẹyẹ ló kọ sí ojú ìrán. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ po, ti iwájú á wòkè, ti ẹ̀yìn náà á wòkè."

Ó mú etí aṣọ náà, ó ká a sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wá jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àpótí ìtẹ̀sẹ̀ tó wà níbẹ̀.

"Ìborùn ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo wá rán an bí ìró."

Ìgbà náà ni Mobọ́lá jáde tòun ti ọmọ léjìká. Ó rí àga, ó rí wa, ó sì rí i pé ojú ìrán aláràbarà yẹn kò sí mọ́.

"Màmá, òwú yẹn dà?"

"Mo fi abẹ tú u."

"Ó dà?"

"Ó já wẹ́wẹ́. Mo fi ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ gbá a. Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí sì ti kọjá."

Ọmọ mi kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. Ó jókòó, omijé sì ń bọ́ lé orí ọmọ. "Nǹkan kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, Màmá. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, nǹkan kan péré. Wọ́n á ní mo fi ohun ìní wọn ṣeré. Wọn ò ní tún wá mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fi etí ìró rẹ̀ nu omijé kúrò lórí ọmọ.

Jonathan wọlé bá wa bẹ́ẹ̀. A sọ ọ́ fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lóòró, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka tọ ojú ìrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọwọ́ ìyá-ìyá mi ló wà níbí," ló wí. "Màmá mi ò lè lọ síbi ìsìnkú wọn. Mo máa ń rí màmá mi tí wọ́n bá ń ṣe aṣọ yìí lọ́jọ̀, àárín yìí ni ọwọ́ wọn máa ń wà."

Mobọ́lá nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká rán an padà bó ṣe wà. Màmá mọ̀ ọ́n rán. Ká kàn yí i padà, ká má sọ nǹkan kan. Bóyá wọn ò ní wò ó."

"Wọ́n á wò ó," ni Jonathan wí. "Kí wọ́n tó kí wa, ọwọ́ wọn á ti dé ibẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó mú abẹ rẹ̀, ó jókòó ti fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ohun tó rán, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́, títí abala méjèèjì fi ya. Ó ká wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kó wọn sínú àpò ìrọ̀rí.

"Mi ò ní rán irọ́ mọ́ aṣọ aláṣọ," ló wí. "Ẹ gbé mi lọ."

"Níbo, Màmá?"

"Ọ̀dọ̀ àna wa. Ẹni tó ṣẹ àna kì í jókòó sílé kí àna wá bá a. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní Dallas nìyẹn?"

Jonathan ní, "Màmá, wọn ò retí wa. Ẹ jẹ́ n pè wọ́n lórí fóònù ná."

"Kí o pè wọ́n kí o sọ kí ni? Pé a ti ba aṣọ jẹ́, a ń bọ̀? Gbé ọkọ̀ jáde."

Ó wọ yàrá, ó ró aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó wé gèlè. Ó tún ní a kì í lọ bẹ àna lọ́wọ́ òfo, ó sì mú iṣu tó tóbi jù nílé lé itan, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba ọ̀nà Pleasant Run lọ sí Lancaster, Jonathan lórí ìdarí, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ, iṣu àti ìborùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ohun tí yóò sọ lábẹ́ ẹnu. Mo gbọ́ "ọgbọ́n àgbà", mo gbọ́ "àìmọ̀kan", mo tún gbọ́ "ẹyẹ burúkú".

Ìyá Jonathan fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kékeré ni, ó di irun rẹ̀ ní ìdì méjì gígùn tó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo àgbà obìnrin tó wé gèlè tó gbé nǹkan dúdú gbọọrọ dání. Ó wo Mobọ́lá. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí àpò ìrọ̀rí funfun náà, tó mọ̀ dáadáa. Ó gbà á, ó ṣí i. Ó rí abala méjì tó ti ya.

Ojú rẹ̀ ṣú. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún Jonathan ní èdè Sípáníìṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Jonathan kò túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Mobọ́lá bi í. "Jonathan, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, ẹ ò bá ti dá a padà báyẹn. Kò yẹ kí ẹ ya á."

"Rárá o! Jonathan, sọ fún wọn pé…"

Kí ó tó parí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé iṣu sílẹ̀, ó sì ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ lórí ẹní ìnusẹ̀. Mobọ́lá kúnlẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú ọmọ. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí eegun mi jẹ́ kí n dé.

Ìyá Jonathan kígbe. Ó rò pé òyì ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ki í lábẹ́ abíyá láti gbé e dìde, ó ń ké sí ọmọ rẹ̀ kó bu omi wá. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun.

"Fi mí sílẹ̀! Ara mi le! Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀!"

"Màmá, ẹ dìde, wọ́n rò pé ẹ ń kú lọ ni!" ni Mobọ́lá wí, ẹ̀rín ti fẹ́ gbà á láàárín ẹkún.

"Sọ fún un pé n kò kú. Ojú ló ń tì mí."

A wọlé. A jókòó yí tábìlì rẹ̀ ká. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ìjìnlẹ̀ Yorùbá tó ju èyí tí Jonathan kọ́ lọ́dọ̀ aya rẹ̀ lọ, Mobọ́lá ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, Jonathan ń yí i sí Sípáníìṣì, kí ọ̀rọ̀ sì tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń bẹ̀, ó ti tutù. Ó sú ẹ̀gbọ́n mi. Ó fọwọ́ lé àwọn ògbufọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó tẹ́ abala méjèèjì sórí tábìlì bí a ṣe kọ́kọ́ rí wọn. Ó tọ́ka sí ẹyẹ ìsàlẹ̀, ó na ọrùn, ó fi apá méjèèjì fò. Ó tọ́ka sí ẹyẹ òkè, ó gbé orí kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ ahọ́n síta bí òkú ẹyẹ. Ó fi ìka ṣe abẹ, ó rẹ́ àárín. Ó yí abala kan padà, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá gbá ọwọ́ ara rẹ̀ pàá, ó sì na ọwọ́ náà sí Ìyá Jonathan kí òun náà lè gbá a.

Ìyá Jonathan wò ó títí. Ó mú abala méjèèjì, ó to orí ẹyẹ kọ orí ẹyẹ, ó gbé wọn lé ẹ̀gbọ́n mi léjìká, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ó sì fi ọwọ́ di etí wọn mú pọ̀ lókè. Gbogbo ẹyẹ wòkè.

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nínú imú, ó wá di ohun tó ń mi àga. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan fún Jonathan, ó ń dúró mí láàárín rẹ̀.

"Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé," ni Jonathan wí, "àwọn náà sọ fún ìyá wọn pé ó ti rán an sódì. Ìgbátí ni ìyá wọn fi dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kí n sọ fún Màmá pé nítorí ewú orí wọn nìkan ni àwọn ò ṣe ní gbá wọn."

"Kó gbá mi!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Etí rèé. Ìgbátí tọ́ sí mi. Àmọ́ kó rọra, gèlè mi ò tíì sú mi."

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Ìyá Jonathan mú abala kan lé itan. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ, níbi tí àwọn ihò òwú àtijọ́ ṣì wà, ó dé ìparí, ó tún padà. Omi dé ojú rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìka rẹ̀ ń wá. Ohun tó lọ ti lọ, a kò lè rán an padà. Ẹ̀gbọ́n mi sún àga rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àna mi." Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Jonathan mi orí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ òwú kan wá, pupa, àwọ̀ ewé, ìyeyè, funfun. Ó fa abẹ́rẹ́ méjì yọ. Ọ̀kan ló fi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán an: abẹ́rẹ́ á gba òkè, á gba abẹ́, á padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí òwú lè bo ojú ìrán mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ láti etí kejì, aṣọ náà sì wà láàárín wọn bí odò tí èèyàn méjì ń dá afárá sí. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi yá. Kò pẹ́ tí Ìyá Jonathan fi ṣíjú wò ó, tó sì sọ nǹkan kan.

"Wọ́n ní ẹ ń rán an bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé," ni Jonathan wí.

"Sọ fún un pé tó bá jẹ́ pé bí tiẹ̀ ni mo ṣe ń rán an ní Ìṣẹ́yìn, ìyàwó á ti bímọ kí aṣọ ìyàwó tó jáde."

Jonathan túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Jonathan fi abẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá tọ́ka sí iṣu tí a gbé sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó sì béèrè ìbéèrè kan.

"Wọ́n ní ṣé igi ìdáná ni ẹ gbé wá fún àwọn ni?"

"Olúwa mi! Igi kẹ̀? Ọba oúnjẹ rèé! Sọ fún un pé ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n ń jẹ, ọmọ ọ̀dọ̀ ló jẹ́ fún èyí."

Jonathan wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Màmá, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n bí ìyá mi sí, ànàmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bú. Mi ò ní túmọ̀ ìyẹn."

"Túmọ̀ rẹ̀!"

"Mi ò túmọ̀ o. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀ tán."

Wọ́n pàdé láàárín aṣọ náà kí oòrùn tó rọ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á mọ ibi tí ọwọ́ kan ti pín sí èkejì. Ti Ìyá Jonathan rọ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi le dan-in, ibi tí méjèèjì ti pàdé sì sún kì díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un láti tú ibẹ̀ tún rán. Ìyá Jonathan gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ pe Mobọ́lá. Ọmọ mi dìde, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tí tíṣà pè síwájú. Ìyá Jonathan gba ọmọ, ó tẹ́ ẹ sínú ìborùn náà, ó jù ú sí ẹ̀yìn Mobọ́lá lẹ́ẹ̀kan, ó sì fà á kọjá lórí èjìká, ó ta á ní kókó sí àyà.

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Ọmọ á já bọ́! Ta ló ń pọn ọmọ lọ́rùn? Abẹ́ abíyá ni aṣọ ń gbà!"

Ìyá Jonathan kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èyí yé e. Ó dá a lóhùn ní tirẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ìdí ọmọ nínú aṣọ láti fi hàn pé ibẹ̀ le. Wọ́n sọ̀rọ̀ síwá, wọ́n sọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń jà lọ́wọ́, Òkìkíolúwa ti sùn.

Ìyá Jonathan wá ń tún kókó náà ṣe ní àyà Mobọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ sì kan eegun èjìká rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó tẹ eegun náà. Ó mú apá Mobọ́lá, ó wọ̀n ọ́n láàárín ìka rẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀ ọmọ jáde lábẹ́ aṣọ, ó rí i pé kò sí ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀. Ni ìbáwí bá bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo, kò sì dúró. Ó tọ́ka sí ikùn Mobọ́lá, ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ ọmọ, ó tọ́ka síta sí afẹ́fẹ́, ó pe Ọlọ́run sí i, ó gbá a ní apá fẹ́rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Jonathan ti ya ẹnu. "Wọ́n ní…"

"Má túmọ̀ ẹ̀," ni Mobọ́lá wí.

Ó dúró láàárín ilé ìdáná náà, ó tẹ orí ba, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn lábẹ́ ìdí ọmọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìgbà tí kò ga kọjá tábìlì. Kò sí ẹni tó bá a wí báyẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo yíjú sí fèrèsé díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ló ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo gbọ́, Màmá."

Ìyá Jonathan ti gbé ìkòkò kaná. Ó fi ṣíbí tọ́ka sí àga, Mobọ́lá sì jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ tó kún dé etí, ó dúró tì í, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ pé aago mélòó ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi yìí ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí òun yóò kọ́kọ́ dúró ra ìbọ̀sẹ̀ lọ́nà.